Páìpù Idẹ Tí Ọ̀gá Àgbà Fi Ń Wo Ọkàn Ẹja

Hasanat tó ń gbálẹ̀ ní Ilé Ìwádìí Ẹja Ọ̀sà ní Ẹ̀pẹ́ ló kọ́kọ́ mú ìròyìn náà wá bá mi. Mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táǹkì mi ní Èbúté Ìkòròdú, mò ń ṣa òkú ẹja kúrò nínú omi, nígbà tó bọ́ sílẹ̀ lórí ọ̀kadà tó sì ń pariwo bọ̀ láti òkèèrè.

"Ìyá Mardiyah! Owó ti dé o! Ẹ̀rọ tuntun ti dé síbi iṣẹ́ wa, ọmọ ẹja ló ń béèrè!"

"Ẹ̀rọ ń jẹ ẹja?"

"Kò jẹ ẹ́, ó ń wò ó ni. Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa lánàá ni wọ́n ń wá, kó ṣì wà láàyè. Mo ti ní mo mọ ẹni tó ń tà á."

"Wọ́n á sanwó?"

"Ìjọba mà ni, Màmá."

Ẹ̀yin tó ń ka ìwé yìí, ẹ gbọ́ mi dáadáa. Mo bi í bóyá wọ́n á sanwó, ó ní ìjọba ni. Ìdáhùn kọ́ nìyẹn. Èmi tí mo ti ń tajà láti kékeré, mo gbọ́ ọ, mo sì tún lọ.

Ọmọ ẹja àrọ̀ ni mò ń tà. Láti ọjọ́ tí ọkọ mi ti kú, ohun tí mo fi tọ́ ọmọ mẹ́ta nìyẹn. Iṣẹ́ náà kì í ṣe ẹ̀rín. Ìyá ẹja là ń tẹ̀ níkùn kí ẹyin jáde, akọ là ń pa ká tó rí àtọ̀ rẹ̀ gbà. Bí ẹyin bá bọ́ sómi lónìí, ó di ọ̀la kó tó pa. Ọmọ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ pa kéré ju ìrẹsì lọ, ara rẹ̀ sì mọ́ gaara débi pé èèyàn lè rí ìfun rẹ̀. Bí ọjọ́ bá gorí ọjọ́, ara rẹ̀ á dúdú, kò ní wúlò fún ẹ̀rọ wọn mọ́. Nítorí náà, gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ní kí n kó ẹja wá, akọ ńlá kan tàbí méjì ti kú nílé mi nìyẹn.

Mo gbé baàfù mi sínú kẹ̀kẹ́, mo gba Ìtòìkín dé Ẹ̀pẹ́. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó ń jẹ́ Dókítà Tèmítáyọ̀ ló gbà á lọ́wọ́ mi. Kì í ṣe dókítà abẹ́rẹ́, ti ìmọ́lẹ̀ ni. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó gbé àga fún mi, kò sì ki ọwọ́ bọ inú omi mi. Ó mọ òfin wa. Láti Èbúté Ìkòròdú títí dé ọjà ẹja Ẹ̀pẹ́, bí ẹja bá kú nínú omi ẹni tó ń tà á, ẹni tó ń tà á ló gbé e. Àmọ́ bí ẹni tó fẹ́ rà á bá fọwọ́ ara rẹ̀ bomi lé e, ó ti rà á nìyẹn, kó yè o, kó kú o.

"Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ bu ú fún mi, Màmá," ó wí. "Omi yín náà ni mo fẹ́."

Lẹ́yìn náà ló wá ṣàlàyé ẹ̀rọ rẹ̀. Ó ní èyí tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀ lọ́ra. Ọkàn ọmọ ẹja ń yára lù. Kí ẹ̀rọ tó wò ó láti òkè dé ìsàlẹ̀, ọkàn ti lù lẹ́ẹ̀mẹwàá, gbogbo àwòrán á sì dàrú.

Mo ní, "Ó yé mi. Bí ẹni tó ń ka ẹja inú baàfù ni. Kó tó ka ti apá ọ̀tún tán, ti apá òsì ti lúwẹ̀ẹ́ wá síbẹ̀."

"Háà, Màmá! Mo fi ọdún mẹ́rin kọ ohun tẹ́ ẹ sọ yẹn sínú ìwé." Ó rẹ́rìn-ín. "Ohun tí mo ṣe ni pé mo sọ ìmọ́lẹ̀ di pẹlẹbẹ, ó tín-ín-rín ju abẹ fẹ́lẹ́ lọ. Ẹ̀gbẹ́ ló ń gbà wọlé. Ibi tó bá kàn nìkan ló ń tàn, ìyókù wà lókùnkùn, iná kò sì ní jó ọmọ ẹja. Jígí kékeré kan wà tó ń jù ú sókè sódò. Kí ọkàn ẹja tó lù lẹ́ẹ̀kan, a ti rí i lókè, lábẹ́ àti láàárín."

"Bí ẹni tó ń gé búrẹ́dì."

"Bí ẹni tó ń gé búrẹ́dì gan-an, àmọ́ búrẹ́dì ṣì wà lódindi, ó sì ń mí."

Ó ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe máa mọ ohun tó ń pa ọmọ ẹja wa nígbàkigbà tí omi ọ̀sà bá yí padà. Ó wá fi hàn mí lórí kọ̀ǹpútà. Ẹja tí mo ti ń tà láti ogún ọdún, mi ò rí ọkàn rẹ̀ rí. Ó ń ṣí, ó ń padé, bí ẹnu ọmọ tó ń mu ọmú. 

Ó dáa. Ẹ wá dìde, Ọ̀gá Àgbà ń wọlé bọ̀. Bẹ́ ẹ bá jókòó, Yasir akọ̀wé rẹ̀ á kọ orúkọ yín sílẹ̀.

Alhaji Zikrullah ni wọ́n fi ṣe olórí ibẹ̀. Ọdún méjìdínlógún ló fi ń tẹ òǹtẹ̀ sí ìwé ọkọ̀ ní Ìkòròdú kí ó tó di ẹni tó mọ̀ nípa ẹja. Bó ṣe débẹ̀ kò yé ẹnikẹ́ni, àwọn tó sì yé ń jẹ lára rẹ̀. Oyè tó kọ sára ilẹ̀kùn ọ́fíìsì rẹ̀ gùn tó bẹ́ẹ̀ tí ilẹ̀kùn fi kún, akunlé wá kọ ìyókù sára ògiri títí dé ẹnu ilé ìyàgbẹ́. Láràárọ̀, gbogbo òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ dúró ní géètì kí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un lẹ́ẹ̀meje. Ọjọ́ tí òjò bá rọ̀, lẹ́ẹ̀mẹ́jọ ni, nítorí ó ní òjò máa ń bo ọ̀kan mọ́lẹ̀.

Ó wọlé wá wo ẹ̀rọ. Ó yí i po lẹ́ẹ̀mẹta.

"Níbo ni èmi máa ti tẹjú mọ́ ọn?"

"Ẹ̀rọ yìí kò ní ibi ìtẹjúmọ́, sà," ni Tèmítáyọ̀ wí. "Kámẹ́rà ló ń wò ó. Gbogbo wa la jọ máa rí i lórí kọ̀ǹpútà."

"Gbogbo wa! Kí èmi àti agbálẹ̀ jọ rí nǹkan kan náà, ní ìṣẹ́jú kan náà? Ta ni wọ́n wá fi jẹ ọ̀gá? Yasir!"

"Sà!"

"Pe wẹ́dà."

Ọjọ́ kejì ni wẹ́dà dé. Ó jó páìpù idẹ ńlá kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ náà, ó dán gbinrin, wọ́n fi awọ dúdú yí ẹnu rẹ̀ ká kó má baà dun ojú Ọ̀gá. Páìpù náà kò wọnú ibì kankan. Ìdí rẹ̀ kàn fara ti irin ni. Tèmítáyọ̀ sọ bẹ́ẹ̀ fún Yasir. Yasir ní kó pa ẹnu rẹ̀ mọ́ bó bá fẹ́ jẹun lóṣù yẹn.

Alhaji bẹ̀rẹ̀ mọ́ páìpù, ó di ojú kan, oníkámẹ́rà ń ya fọ́tò.

"Mo rí i! Mo rí ọkàn! Háà, mo rí eyín rẹ̀ pàápàá, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi!"

"Ó dá yín mọ̀ ni, sà," ni Yasir wí.

"Ọkàn rẹ̀ ń lù lọ́nà ìbọ̀wọ̀."

"Ojú yín nìkan ló lè rí irú ẹ̀, sà. Ojú tiwa ti ràn."

Àwọn òṣìṣẹ́ pàtẹ́wọ́. Àwọn tí kò pàtẹ́wọ́ ń wúkọ́, ẹ̀yin náà mọ irú ikọ́ bẹ́ẹ̀.

Láti ọjọ́ yẹn, kò sí àárọ̀ kan tí kò tẹjú mọ́ páìpù náà. Ó ń ròyìn ohun tó rí fún wọn, Yasir ń kọ ọ́ sílẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó rí ẹ̀dọ̀fóró. Lọ́jọ́ mìíràn ó rí ibi tí ẹja ń kó èrò inú rẹ̀ sí.

Wàhálà tèmi bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tó rí ìmọ́lẹ̀ náà. Ó ṣèèṣì bojú wo ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ, ó rí i bó ṣe tín-ín-rín.

"Kí nìyí? Ṣé a jẹ gbèsè iná ni? Ìmọ́lẹ̀ ilé iṣẹ́ ìjọba ló dà bí òwú yìí?"

"Sà, bó ṣe tín-ín-rín yẹn ni agbára rẹ̀. Bó bá nípọn, àwòrán á..."

"Ìwọ ọmọdébìnrin yìí, ṣé o fẹ́ kọ́ mi ní ìmọ́lẹ̀ ni? Èmi tí mo gbé jẹnẹrétọ̀ mẹ́ta wá síbí?"

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà ni ìwé jáde, òǹtẹ̀ márùn-ún wà lára rẹ̀: *Láti òní lọ, ìmọ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ipò mu.* Wọ́n fẹ ìmọ́lẹ̀ lójú. Wọ́n tún gbé iná ńlá bí irú èyí tí wọ́n fi ń gba bọ́ọ̀lù sórí baàfù ọmọ ẹja mi. Lórí kọ̀ǹpútà, gbogbo nǹkan di ògì. Inú baàfù, gbogbo nǹkan sè. Kó tó di àkókò ìrun alásárì, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ẹja ti funfun lójú omi bí ìyẹ̀fun.

Alhaji tẹjú mọ́ páìpù. "Ó ti wá mọ́lẹ̀ kedere," ó wí.

Ìwé kejì jáde: kí obìnrin ẹlẹ́ja tètè kó òmíràn wá.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Àkọ́kọ́ jẹ́ ọgọ́rùn-ún ẹgbẹ̀rún náírà. Ìkejì jẹ́ ogóje ẹgbẹ̀rún, nítorí ìyá ẹja ti wọ́n. Mi ò tíì rí kọ́bọ̀. Mo lọ sí Ẹ̀pẹ́ lẹ́ẹ̀mẹfà. Yasir á jáde sí mi, á fi ọwọ́ bo imú.

"Ìyá ẹlẹ́ja, ìwé yín ti wà lórí tábìlì Ọ̀gá."

"Ó ti wà lórí tábìlì láti oṣù tó kọjá. Ṣé tábìlì ló fẹ́ buwọ́ lù ú ni?"

"Ẹ ní sùúrù. Iṣẹ́ ńlá ń lọ lọ́wọ́."

"Iṣẹ́ ńlá, ẹnu kékeré. Sọ fún un pé mo wá."

Bàbá Matthias ló ni ilẹ̀ àti táǹkì tí mò ń lò. Ìlàjẹ ni, ẹni jẹ́jẹ́, kì í jà. Ó wá bá mi lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ó dúró ti ọkọ̀ rẹ̀.

"Ìyá Mardiyah, mi ò ní bá yín pariwo. Owó ọdún ti kọjá. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi láti òkè omi ń bọ̀, ó ti kó owó tirẹ̀ dání. Bí oṣù yìí bá parí tí n kò rí ti yín, òun ni mo máa fún ní táǹkì."

"Ó ku ọjọ́ méjìdínlógún."

"Mo mọ̀. Ìdí tí mo fi tètè wá nìyẹn."

Bí táǹkì bá lọ, mo di ẹni tó ń ra ẹja kílò kan kílò kan láti tún un tà ní etí ọ̀nà Gáréèjì. Mo ti ṣe é rí nígbà tí ọkọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ kú. Mi ò fẹ́ ṣe é mọ́.

Ọ̀sẹ̀ yẹn ni Alhaji fúnra rẹ̀ ránṣẹ́ pè mí. Kọmíṣọ́nnà ń bọ̀ wá ṣí ẹ̀rọ. Ó jókòó sórí àga tó ga ju ti àwọn tó kù lọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kanlẹ̀.

"Obìnrin yìí, kó ẹja tó dáa jù wá. Lọ́jọ́ náà, lójú gbogbo ayé, ni wàá gba owó rẹ, ti tẹ́lẹ̀ àti ti tuntun."

"Ṣé ẹ búra, Ọ̀gá?"

"Èmi! Kí n búra! Ọ̀rọ̀ mi ló ń búra fúnra rẹ̀."

Ẹ bú mi bó bá wù yín. Akọ ẹja méjì ló kù nílé mi, mo pa àwọn méjèèjì. Ọgọ́jọ ẹgbẹ̀rún náírà ni mo pe ti ọjọ́ náà. Gbogbo rẹ̀ wá di irinwó ẹgbẹ̀rún géérégé.

Ọjọ́ ìṣíde pé. Wọ́n ta àtíbàbà, wọ́n gbé ẹ̀rọ jáde sábẹ́ rẹ̀, wọ́n so aṣọ funfun ńlá kan tí àwòrán máa hàn lára rẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn pèpéle. Tèmítáyọ̀ ti fọgbọ́n dá ìmọ́lẹ̀ padà sí tín-ín-rín, kò sọ fún ẹnì kankan. Kọmíṣọ́nnà dé, obìnrin kúkúrú tí kì í rẹ́rìn-ín lásán. Mo bu ọmọ ẹja mẹ́ta sínú àpótí dígí ẹ̀rọ pẹ̀lú omi mi, mo gbé baàfù tó kù sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Alhaji sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Hasanat ló wo aago.

"Èmi Zikrullah! Ṣáájú mi, ta ló mọ̀ pé ẹja ní ọkàn? Àwọn bàbá wa jẹ ẹ́, wọn ò mọ̀! Òyìnbó dì í sínú agolo, kò mọ̀! Èmi ni mo wò ó, ó sì gbà fún mi! Ọ̀sà Ẹ̀pẹ́, jẹ́rìí mi!"

Ọ̀sà Ẹ̀pẹ́ kò sọ nǹkan kan.

Lórí aṣọ funfun, ọkàn ọmọ ẹja kan ti yọ, ó tóbi bí ilẹ̀kùn, ó ń ṣí, ó ń padé. Àwọn èèyàn mí kanlẹ̀. Wọn ò gbọ́ Alhaji mọ́, ọkàn náà ni wọ́n ń wò. Ó bí i nínú. Ó wo inú àpótí dígí, ó rí i pé omi mi ní àwọ̀ ilẹ̀ díẹ̀.

"Omi ẹrẹ̀ báyìí lójú Kọmíṣọ́nnà? Ẹ fẹ́ dójú tì mí!"

Ó fa ìgò omi tútù kan tó wà níwájú Kọmíṣọ́nnà, yìnyín ṣì wà lára rẹ̀. Tèmítáyọ̀ kígbe pé, "Sà, ẹ jọ̀ọ́!" Ó ti pẹ́. Alhaji da ìdajì sínú àpótí dígí, ó da ìdajì yòókù sínú baàfù mi, ó sì nu ọwọ́.

"Ó wá mọ́ wàyí," ó wí. Ó yí ẹ̀yìn sí aṣọ funfun, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ páìpù idẹ rẹ̀.

Lẹ́yìn rẹ̀, lójú ọ̀ọ́dúnrún èèyàn, ọkàn náà lọ́ra. Ó ṣí, ó pẹ́ kó tó padé. Ó tún ṣí. Kò padé mọ́.

"Ẹ wo bó ṣe ń lù!" ni Alhaji ń pariwo látinú páìpù. "Kì! Kì! Kì! Ó ń lù bí ọkàn ẹni tó gba owó oṣù! Ẹ̀mí rẹ̀ gùn!"

Yasir nìkan ló pàtẹ́wọ́. Ó pa á lẹ́ẹ̀mejì, ó wo ẹ̀yìn, ó dáwọ́ dúró.

"Ọ̀gá Àgbà," ni Kọmíṣọ́nnà wí, "kí lẹ̀ ń wò?"

"Ọkàn, Mà!"

"Ọkàn wo?"

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín láti ẹ̀yìn, ẹ̀rín náà sì gba gbogbo àtíbàbà bí iná tó ràn mọ́ koríko. Alhaji gbé orí sókè, awọ dúdú ti ṣe òrùka yí ojú rẹ̀ ká. Ó yíjú padà, ó rí aṣọ funfun. Ẹ rò pé ojú tì í? Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Èmi ló nawọ́ sí.

"Òkú ẹja ni obìnrin yìí kó wá! Ẹja rẹ̀ ti kú láti ilé! Kò ní gba kọ́bọ̀ kan!"

 Mo rí táǹkì mi, mo rí ọmọ ẹ̀gbọ́n Bàbá Matthias nínú rẹ̀. Mo dìde.

"Ẹ̀yin èèyàn Ẹ̀pẹ́, ẹ̀yin ẹlẹ́ja, mo kí yín. Ẹnu mi kò dùn, mi ò kàwé. Ẹ sọ fún mi: ẹni tó bá fọwọ́ ara rẹ̀ bomi lé ẹja, kí ló ṣe?"

Àwọn obìnrin ọjà ẹja tó kún ẹ̀yìn àtíbàbà dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà:

"Ó ti rà á!"

"Òfin ọjà nìyẹn, kì í ṣe òfin ìjọba!" ni Alhaji wí. "Ẹja ti kú kí n tó dé ibẹ̀. Ta ló rí i pé ó wà láàyè?"

Tèmítáyọ̀ ò gbóhùn sókè. "Ẹ̀rọ rí i, sà." Ó tẹ nǹkan kan, àwòrán padà sẹ́yìn. Ọkàn náà tún ń lù lórí aṣọ, aago sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó fi hàn wọ́n láti òkè, ó yí i, ó fi hàn wọ́n láti ìsàlẹ̀: níbi gbogbo, ó ń lù. Ìgbà náà ni omi tútù wọlé bí èéfín. Ọkàn lọ́ra, ó dúró. Gbogbo èèyàn ka aago náà pẹ̀lú ẹnu.

"Ẹ̀rọ ń parọ́!" ni Alhaji wí. "Páìpù mi ni kẹ́ ẹ wò!"

Kọmíṣọ́nnà dìde, ó bẹ̀rẹ̀ láti tẹjú mọ́ páìpù. Hasanat sáré wá tòun ti aṣọ ìnulẹ̀ lọ́wọ́.

"Mà, ẹ má da ara yín láàmú. Èmi ni mò ń nu inú rẹ̀ láràárọ̀. Irin ló wà nídìí rẹ̀, kò sí ihò."

Kọmíṣọ́nnà wò ó síbẹ̀. Ó dìde, òrùka dúdú yí ojú tirẹ̀ náà ká, kò sì sí ẹni tó lè rẹ́rìn-ín. Ohun kan ṣoṣo ló béèrè: "Èló ni páìpù yìí?"

Wọ́n kó ìwé jáde. Ẹ gbọ́ o. Owó ẹja mi ti àkọ́kọ́ àti ti ìkejì ti jáde láti oṣù tó kọjá, òjìlénígba ẹgbẹ̀rún, wọ́n kọ orúkọ mi sí i. Yasir ti buwọ́ lù ú dípò mi. Òun ni wọ́n fi ra páìpù idẹ, òun ni wọ́n sì fún oníkámẹ́rà.

Kó tó di ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n ti gba kọ́kọ́rọ́ ọ́fíìsì lọ́wọ́ Alhaji. Wọ́n dá a padà sí Ìkòròdú, sínú yàrá kan tí wọ́n ń kó àga fífọ́ sí, Yasir sì ti ń pàtẹ́wọ́ fún ẹlòmíràn. Kọmíṣọ́nnà kọ̀wé pé kí Alhaji san irinwó ẹgbẹ̀rún mi látinú àpò ara rẹ̀, kó tó di ìparí oṣù, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ó di ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá.

Ọjọ́ tó gbẹ̀yìn oṣù ló wá. Bàbá Matthias ti jókòó sórí pẹpẹ táǹkì láti àárọ̀, òun àti ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Oòrùn ti ń rọlẹ̀ nígbà tí mo rí Alhaji tó ń bọ̀ ní Èbúté pẹ̀lú àpò ọ̀rá dúdú. Ó fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú omi tó kẹ́yìn lọ sí Èkó. Ó nawọ́ àpò náà sí mi, ó ń wo ọkọ̀.

"Ó pé. Má wulẹ̀ kà á."

Mo jókòó, mo kà á. Ó dín ẹgbẹ̀rún kan.

"Ó dín ẹgbẹ̀rún kan."

"Fi ìyẹn ṣe ọ̀wọ̀ fún mi."

"Ọ̀wọ̀ kò sí nínú ẹja tí mo tà fún yín, Ọ̀gá."

Atukọ̀ ń pe èrò. Ó wo ọkọ̀, ó wò mí, ó wo Bàbá Matthias.

"Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá Mardiyah. Owó tí mo máa fi wọkọ̀ nìkan ló kù lọ́wọ́ mi."

Mo na ọwọ́ mi.  Ó yọ ẹgbẹ̀rún kan náà láti àpò àyà, ó ti rún, ó gbé e lé mi lọ́wọ́. Ọkọ̀ fọn fèrè, ó fi í sílẹ̀ lọ. Mo tún owó náà kà láti ìbẹ̀rẹ̀, mo sì nawọ́ rẹ̀ sí Bàbá Matthias kó bá mi kà á.

Ó kà á tán.

"Ó pé," ó wí.